Ọ̀rọ̀ Faransé Nínú Pàǹtí

Nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn sí Ẹ̀jìgbò, bàbá kan àti ọmọbìnrin tó ń bá a tọ́jú búlọ́ọ̀gì ìtàn agboolé wọn ń jà lẹ́yìn mi.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fa gbogbo sípáàmù yẹn, ìpolówó jákujàku tó kún búlọ́ọ̀gì wa. Ẹ̀rọ kọ 'ẹ kú iṣẹ́' sábẹ́ ìtàn, ẹ dá a lóhùn, ẹ tún ṣàdúrà fún un!"

"Ẹni tó kí mi, kí n wá máa wò ó níran?"

"Kì í ṣe èèyàn, sà! Tẹ́tẹ́ ló ń polówó. Sáfà, ẹ̀rọ tó gbé búlọ́ọ̀gì náà ró, tiwa ni, kò sẹ́ni tó máa bá wa gbá a. Mo ti ní kí sáfà máa kó ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn bá kọ sábẹ́ ìtàn tí kì í bá ṣe Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì sínú pàǹtí."

"Faransé ńkọ́?"

"Ó ń kó o náà."

"Háà! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Abidjan ńkọ́? Faransé nìkan ló gbọ́. Látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú ni mo ti ń retí ẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yíjú padà kí n bá ọmọ yẹn wí. Àmọ́ ó ti ṣí pàǹtí yẹn lórí fóònù, ó ń wá a láàárín ìpolówó tẹ́tẹ́ àti oògùn.

"'Bonjour, tonton.' Ó ń kí àbúrò bàbá ẹ̀. Bàbá, òun rèé! Fóònù ti túmọ̀ ẹ̀: ó ní ṣé ẹnì kan ṣì wà nílé, òun fẹ́ mú àwọn ọmọ òun wá."

"Ìgbà wo ló kọ ọ́?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́ta, sà."

Bàbá ò jà mọ́. "Dá a lóhùn báyìí. Má sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é o. Sọ pé àwa la ò gbọ́."