Báàgì Ẹ̀bà Lára Ilẹ̀kùn Ẹ̀rọ

Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni mò ń ta ẹyin sísè kan ní Kúje. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe báàgì ọ̀rá àti oníwáyà tó ń tún iná ẹ̀rọ wọn ṣe dúró ń jẹ ẹ́. Òṣìṣẹ́ náà ní:

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, síbẹ̀ súìṣì tó máa ń pa ẹ̀rọ bí ilẹ̀kùn bá ṣí ṣì ń pa á. Ọ̀gá ní mo bà á jẹ́, ó máa yọ owó súìṣì tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, nínú owó oṣù mi. Ẹ kúkú yọ súìṣì náà dànù.”

“Kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé ọ lọ́wọ́? Ìka mẹ́wàá lo kó wọlé, mẹ́wàá lo máa kó jáde. Súìṣì ò bàjẹ́. Ilẹ̀kùn ló wọ́ sílẹ̀, kì í kan súìṣì dáadáa mọ́. Ta ló ń gbé báàgì ẹ̀bà kọ́ sára ilẹ̀kùn yẹn?”

Òṣìṣẹ́ náà rọra gbé ẹyin mì. “Èmi ni.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

“Gbé e kúrò. Mo máa gbé ilẹ̀kùn sókè, ọ̀gá ò sì ní yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà yẹn mọ́.”