Ọ́dà Ń Wọlé, A Ò Rójú Ènìyàn

Rárá, Alhaji Ishaq, ẹ má ní kí n jókòó, ìjókòó kọ́ ló gbé mi wá, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó tó fún èmi àti òun. Ọ̀rọ̀ Dàwódù ni mo bá wá. Kò rán mi o, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbí, bó bá mọ̀, ojú á tì í, torí kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ pé nǹkan ń dun òun. Èmi Ọlárónkẹ́, àbúrò rẹ̀, ni mo sọ pé ó ń dùn ún.

Ẹ ní ẹ ò lé e. Òótọ́ ni, ẹ ò lé e. Ẹ ní owó oṣù rẹ̀ ò yingin. Ọlọ́run á san yín lẹ́san ìyẹn. Ṣùgbọ́n Alhaji, ṣé owó ni èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni?

Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé. Látìgbà tí ẹ ti dá ilé-iṣẹ́ páálí oúnjẹ yìí sílẹ̀ ní Agége, òun ló ń gbé ìwé ọ́dà kiri fún yín. Á gba Opebi lọ bá àwọn tó ń ta ìrẹsì, á yà sí Onígbòǹgbò, á parí ẹ̀ sí Omole, gbogbo ibi tó bá sì dé ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Páálí, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á bi í léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, òun náà á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn, kó tó kọ iye páálí tí wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹ ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó dáa. Nígbà tí Uswat ìyàwó rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ ti tú ká, àkókò tó ń fi ṣòfò yẹn ló gbé e ró.

Ẹ wá ra kọ̀ǹpútà. Mi ò bá kọ̀ǹpútà jà. Mo gbọ́ pé ọ́dà kì í sọnù mọ́, pé ìwé tí òjò ń pa, tí wọ́n á wá kó páálí ńlá fún ẹni tó fẹ́ kékeré, ìyẹn ti dópin. Ẹ kọ́ Dàwódù, ó sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ yìn ín. Àwọn oníbàárà ń tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ lórí fóònù wọn, ó ń yọ níwájú rẹ̀, á kà á sókè fún àwọn tó ń di ẹrù, awakọ̀ á gbé e lọ. Ó tán. Yàrá kótópó, fáànù, òun nìkan. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Rónkẹ́, látàárọ̀ tí mo ti débẹ̀, ẹnì kan ò pe orúkọ mi.”

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Bí ọ́dà bá ti wọlé, á pe ẹni tó fi ránṣẹ́, á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá iye tó tẹ̀ yẹn ló fẹ́ lóòótọ́. Irọ́ ni, ohùn wọn ló fẹ́ gbọ́. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fúnmilọ́lá tó ń bójú tó ilé oúnjẹ kan ní Opebi fẹjọ́ sùn pé bàbá kan ń yọ àwọn lẹ́nu, Alhaji, ṣé ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ló yẹ kí ẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀? Kò jiyàn. Ó gbé e lé yín lọ́wọ́, ó padà sídìí fáànù.

Ẹnì kan ló ṣẹ́ kù tó ń múnú ẹ̀ dùn, Mọ́mì Praise, obìnrin ìjọ aláṣọ funfun tó ń yan mítípáì ní Omole. Nígbà tí Uswat kú, mùsùlùmí ni Dàwódù o, obìnrin yìí ló ń gbé oúnjẹ wá bá a, á jókòó tì í títí á fi jẹun. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ́dà rẹ̀ ń wọlé. Bí Dàwódù bá ti rí orúkọ yẹn, á ní Mọ́mì Praise ń ṣe dáadáa nìyẹn, á sì fúnra rẹ̀ lọ ṣa páálí tó mọ́ jù fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní òun ń lọ tọ́jú ẹsẹ̀, Omole ló lọ. Ó ra ọsàn dání. Praise, ọmọ obìnrin náà, ló ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ti kú, Alhaji. Ó ti pẹ́, wọ́n ti sin ín kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù ìyá rẹ̀ ni Praise fi ń tẹ ọ́dà, kò sì yí orúkọ padà, ta ló máa rántí ìyẹn nínú ọ̀fọ̀? Ọmọ náà ò ṣẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ò ṣẹ̀, ọ́dà lẹ ní kó máa gbà, ẹ ò ní kó máa túfọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa páálí fún òkú, inú rẹ̀ ń dùn.

Ilé mi ló gbà wá tààrà. Ó ní, “Ó jókòó tì mí nígbà tèmi. Èmi ò mọ̀ pé ó kú.” Àgbàlagbà ọkùnrin, wallahi, ó sunkún lórí àpótí ìdáná mi, kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ nígbà Uswat pàápàá.

Kí lẹ wí? Ẹ̀yin náà ò gbọ́? Níbo lẹ ti máa gbọ́? Ẹni tí ì bá sọ fún yín ni ẹ tì mọ́ yàrá.

Lánàá ó padà síbi iṣẹ́. Orúkọ Mọ́mì Praise tún wọlé. Ó kà á sókè fún àwọn tó ń di ẹrù.

Ẹ má bá mi wá owó ọkọ̀, Alhaji. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀, kó máa gba ọ́dà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ni kí ẹ yọ̀ǹda fún Dàwódù láàárín ọ̀sẹ̀, kó jáde. Kó má gba ọ́dà, kó má kọ nǹkan kan. Kó sáà dé ẹnu ọ̀nà wọn, kó kí wọn, kí wọ́n kí i, kó fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ṣì wà láyé. Ẹ gbé fóònù ọwọ́ yín yẹn kalẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wojú mi, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn.