Ihò Bẹ́líìtì Tí Àbẹ̀kẹ́ Mọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúró dáadáa, nítorí ìdúró yìí gan-an wà lára ọpẹ́ tí mo mú wá. Lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n bá ní kí n wá dúró síwájú yín báyìí, àyà mi ì bá ti máa lù kìkì, kí òógùn sì bò mí kí n tó dìde lórí àga. Ọlọ́run tó mú mi rìn láti ìjókòó mi dé ibí yìí, ti òun ni gbogbo ògo. Ẹ bá mi ké Halelúyà. Ẹ ṣé, mo gbọ́ yín.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ mí sí Bàbá Fọlákẹ́. Tíṣà ni mí. Kẹ́mísìrì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Iléṣà kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, sùn nínú Olúwa, Fọlákẹ́ ọmọ wa, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Rosettenville, sọ pé òun ò ní jókòó síbí kí bàbá òun máa dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ńlá ní Iléṣà. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe dé Johannesburg nìyẹn, èmi àti àpótí kan, Bíbélì mi, àti bẹ́líìtì awọ kan.

Ẹ má fi bẹ́líìtì yẹn rẹ́rìn-ín o, ó wà nínú ẹ̀rí yìí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, tí ojú wa ṣì mọ́lẹ̀, tí a rò pé àwa la máa tún ayé ṣe, Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà nítòsí ibẹ̀. Owó oṣù tó kọ́kọ́ gbà nígbà tó ríṣẹ́ ló fi ra bẹ́líìtì náà fún mi ní Dùgbẹ̀. Ó ní òun ò lè máa wo ọkùnrin tó ń kàwé tó báyìí kó máa fi okùn di ṣòkòtò. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi dì í lọ́jọ́ náà, ó sì ti irin rẹ̀ bọ ihò àárín. Ihò àárín yẹn ni mo ń lò látìgbà náà. A bímọ, a kọ́lé, irun wa funfun, ihò àárín náà ni. Awọ ibẹ̀ ti tẹ̀ síbi kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìgbésí ayé mi wà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú yìí ṣe rí lásìkò tí a wà yìí, tí gbogbo èèyàn ń retí ìdìbò, tí ìbọn sì ń dún níbi tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo lọ sáàárín ìlú láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé. Bí mo ṣe dé ibùdókọ̀ táksí pé kí n máa padà bọ̀, ìjà bẹ́ láàárín àwọn awakọ̀, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ló fà mí lápá sẹ́yìn tábìlì rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀, ọsàn ń já lé wa lórí. Nígbà tó parí, kò sí ọgbẹ́ kankan lára mi. Mo kí obìnrin náà, mo fẹsẹ̀ ara mi délé. Ṣùgbọ́n ohun kan bá mi wọlé lọ́jọ́ náà tí n kò pè.

Láti ìgbà yẹn, bí ilẹ̀kùn bá dún, àyà mi á já. Bí mo bá dé ibi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, iná á fún mi lọ́nà, ẹsẹ̀ mi ò ní gbéra. Èmi tí mo ń dá kọjá ọjà Iléṣà. Oúnjẹ di ìyà. Fọlákẹ́ á sè é, á gbé e síwájú mi, màá máa wò ó bí ẹni ń wo ìwé ìdánwò tí kò kàwé fún. Mo rù. Bẹ́líìtì kúrò ní ihò àárín, ó dé ihò tó kẹ́yìn, síbẹ̀ kò fún. Mo mú ìṣó, mo lu ihò mìíràn fún un fúnra mi.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ nílé Olúwa. Lásìkò yìí, ẹ mọ orúkọ tí àwọn èèyàn máa ń fún àìsàn ẹni tó bá rù báyẹn. Àwọn kan nínú yín bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti òkèèrè. Mo rí yín o. Mo ti dárí jì yín tipẹ́, ẹ má wolẹ̀.

Fọlákẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ará Íńdíà kan ní Mayfair. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa, ó ní kò sí àrùn burúkú kankan, pé ẹ̀rù ló wọ inú ara mi tó sì ń jẹ mí. Ó fún mi ní oògùn kékeré kan tí n ó máa lò kí n tó sùn. Ẹ̀rù bà mí láti gbà á, nítorí mo rò pé onígbàgbọ́ kì í fi oògùn lé ẹ̀rù. Mo bi Pásítọ̀ wa. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Bàbá, Ẹni tó dá dókítà náà la jọ ń gbàdúrà sí. Ẹ lo oògùn yín."

Mo lò ó. Ẹ yin Olúwa. Kò pẹ́ tí oorun fi padà. Lẹ́yìn náà àyà mi rọlẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí gan-an ṣá, ẹnu mi ń gbẹ bí iyanrìn, mo sì ń fi mínírà dídùn pa òùngbẹ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ebi náà dé, irú ebi tí n kò rí rí láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Lásìkò náà gan-an ni ẹ̀yin ìyá ìjọ pinnu pé bàbá opó yìí kò gbọ́dọ̀ kú lójú yín. Ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín. Lójoojúmọ́ abọ́ kan á wọlé, tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, èbà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀. Oúnjẹ ti Fọlákẹ́ náà wà nílẹ̀.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Bẹ́líìtì kúrò ní ihò ìṣó, ó padà dé ihò àárín. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó sórí ibùsùn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó kọjá ihò àárín, ó dé ihò ìpẹ̀kun lódìkejì, nígbà tó yá irin rẹ̀ ò bá ihò kankan mọ́. Ẹ̀yin ẹ ń yọ̀. Ẹ̀ ń kí mi lẹ́yìn ìsìn pé Joburg ti gbà mí, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dàbí ti olówó. Ẹnì kan bi mí pé ilé ìfowópamọ́ wo ni mo gbé sápò.

Ìyá Adé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ Ìyá Adé, àgbà wa nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kì í sọ ohun tí kò rò. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ má bínú o. Ṣé sísanra lèyí, àbí wíwú? Oògùn tí ẹ ń lò yẹn, ẹ bi wọ́n dáadáa."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Nítorí mo mọ wíwú. Wíwú ló mú Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a rò pé ó ń sanra ni, àwọn ará àdúgbò tilẹ̀ ń kí i pé ìsinmi ìfẹ̀yìntì yẹ ẹ́. Títí ọjọ́ kan tó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, tó sì fi hàn mí. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò dìde. A jọ jókòó, a ń wo kòtò kékeré yẹn lára rẹ̀. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn, kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo mú ìgò oògùn náà lọ sí ilé ìdáná. Fọlákẹ́ ń múra àwọn ọmọ fún ilé ìwé. Mo ṣí omi ẹ̀rọ, mo ṣí ìdérí ìgò. Mo fẹ́ dà á nù, kó sì parí. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa, Fọlákẹ́ ti rí wíwú lẹ́ẹ̀kan lára ìyá rẹ̀. Má jẹ́ kó tún rí i lára mi."

N kò gbọ́ ohùn kankan láti òkè. N ò ní purọ́ fún yín. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ohùn ara mi, láti kíláàsì ní Iléṣà, níbi tí mo ti máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ tó bá fẹ́ da omi inú ìgò nù kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ má da ohun tí ẹ kò tíì dán wò nù. Ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni Ọlọ́run fi dá mi lóhùn. Mo pa omi ẹ̀rọ. Mo dé ìgò. Mo pe Fọlákẹ́.

Ká tó jẹun ọ̀sán a ti wà ní Mayfair. Mo sọ ohun gbogbo fún dókítà náà, ti oògùn, ti bẹ́líìtì, ti ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó gba ìtọ̀ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ká ṣòkòtò mi sókè, kí n tẹ ojúgun mi fúnra mi. Ikùn mi ò jẹ́ kí n tètè tẹríba, Fọlákẹ́ ló dì mí mú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹran ara mi dìde. Ó dìde wéré, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí. Mo tún tẹ ibòmíràn, ó tún dìde. Mo wo Fọlákẹ́, omi ti kún ojú rẹ̀, nítorí òun náà mọ ohun tí mò ń wá.

Dókítà ní ìtọ̀ mi mọ́, kò sí wíwú, ọ̀rá ni. Ó wá bi mí ní ohun tí mò ń jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí mo ṣe ń dárúkọ abọ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó gbé e wá, ẹ̀rín pa Fọlákẹ́, omi ojú rẹ̀ ò sì tíì gbẹ. Dókítà bi mí pé ṣé mo máa ń jẹ ẹ́ tán ni. Mo ní, "Dókítà, nílé tiwa, ẹni tó bá dá oúnjẹ padà, ẹni tó sè é ló dá padà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun ṣe ń fi oúnjẹ pa òun.

Ó wá là á yé mi. Ó ní àwọn oògùn tó ń lé ẹ̀rù kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí kì í fọwọ́ kan ìwọ̀n ara. Àwọn kan wà, èyí tí òun fún mi sì wà lára wọn, tó máa ń jẹ́ kí ebi pa èèyàn, tó sì máa ń mú ẹnu gbẹ, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sanra nídìí rẹ̀. Ó ní apá kan nínú ohun tí mo gbé sára, ara mi àtijọ́ ni, tí ẹ̀rù jí gbé, tó padà wálé. Ìyókù, oògùn ló pe ebi, ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé abọ́ wá, mínírà dídùn sì bá wọn dá sí i. Ó kìlọ̀ fún mi gidigidi pé bí mo bá da oògùn náà nù lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ara mi ṣàìsàn, kí ẹ̀rù náà sì padà pẹ̀lú agbára. Ó ní kí n máa wá sọ́dọ̀ òun, òun á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí n fi omi lásán rọ́pò mínírà. Kí n sì máa rìn.

Mo sì ń rìn láti ọjọ́ yẹn, ara mi sì ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Rosettenville kọjá láàárọ̀ ti ń rí mi. Mo ń dá kọjá róbọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ mi ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àwọn ọmọ Fọlákẹ́ ń ké "shap" sí mi láti ojú fèrèsé, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń kí èèyàn. Ẹ̀rù náà ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í wọlé mọ́.

Ìyá Adé, mo ń rí yín tí ẹ ń fi gèlè bojú. Ẹ má fi bojú. Ìbéèrè yín ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, bí ẹ bá ti dákẹ́ ni, ǹ bá ṣì máa sanra lọ láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìyá tó kù, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi dín abọ́ náà kù. Ìyá Adé ti dín tirẹ̀. Ó gbé ẹ̀fọ́ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní dókítà mi ò lè bá ẹ̀fọ́ ṣẹjọ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ohun tó kù kí n sọ kò pọ̀. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mò ń múra ìsìn, mo di bẹ́líìtì mi. Irin rẹ̀ dá wá ọ̀nà ara rẹ̀, ó wọ ihò àárín, ibi tí Àbẹ̀kẹ́ tì í bọ̀ ní Ìbàdàn. Mo jókòó díẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kúrò níbẹ̀. Ihò ìṣó ṣì wà lára awọ náà, n kò ní dí i. Kí n máa rí i, kí n máa rántí ibi tí Olúwa ti mú mi padà bọ̀.

Ẹni tí ẹ̀rù ń jẹ láàárín yín, ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú dákẹ́. Ẹ gbàdúrà, ẹ sọ fún èèyàn yín, ẹ bi dókítà yín. Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá àtàǹpàkò, tó sì mú kí ẹran ara mi dìde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dìde pẹ̀lú mi, ẹ jẹ́ ká jọ yọ̀.