Ìdérí Tí Mo Yí

Ẹyin ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sàba lé láti ìgbà èwe mi ti tó pa. Dókítà ní ó ti rẹ ọkàn mi. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ilẹ̀.

Láàbù ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Èmi ni ọ̀gá, òun ni ọmọ iṣẹ́. A máa ń yọ èérún iṣan ìmọ̀lára lára ọmọ inú ẹyin adìẹ, a ó fi sí àárín àwo gíláàsì, a ó kán kẹ́míkà sí apá kan, omi lásán sí apá kejì. Láìpẹ́, fọ́nrán iṣan á hù jáde. Ṣóńṣó orí rẹ̀ á máa táràrà kiri bí ọwọ́ afọ́jú. Ìyàwó mi gbà pé òun ti rí kẹ́míkà tó ń pe fọ́nrán náà sọ́dọ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, láàbù ńlá kan lókè òkun yóò gbà á síṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Tèmi bàjẹ́. Mo fẹ́ ẹ, n kò sì tíì lè dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ojo ni mí.

Orí ìdérí la máa ń sàmì sí, ká lè mọ apá tí kẹ́míkà wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó dé, mo yọjú wo àwo rẹ̀. Gbogbo fọ́nrán ti ya sọ́dọ̀ kẹ́míkà bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó dára lójú. Mo yí ìdérí náà. Àmì bọ́ sápá omi. Ìkà ni mí. Nígbà tó dé, ó wò ó títí. Ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n sá fún kẹ́míkà.” Mo ní, “Pẹ̀lẹ́. Tún un ṣe.” Ó dúró, ó ń tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu sọ tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi níwájú àwọn ọmọ. Ẹ̀rù bà mí pé yóò kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rín ló bú sí.

“Ọ̀gá! Ṣé ìdérí nìkan lẹ rò pé mo ń sàmì sí? Mo ti fi abẹ́rẹ́ họ àmì sí ìdí àwo. Láàárọ̀ yẹn náà ni mo ti mọ̀.”

Àkọ́bí wa ní, “Màámi, kí ló wá dé tẹ́ ò lọ?”

“Wọ́n pè mí láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n fọ́nrán kan wà nílé tí mo fẹ́ wo ibi tó máa yà sí. Ó táràrà títí!”

Àbíkẹ́yìn pàtẹ́wọ́: “Bàbá di ọmọ inú ẹyin!”

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, kí n lọ fọ abọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa sàmì sí ìdí àwo. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹnìkan, ẹ dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ẹ má yí ìdérí.