Ọ̀dà Pupa Lórí Ọ̀dà Funfun

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo wà ní láàbù, a ń—

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán, jàre. Iṣẹ́ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: A dúpẹ́. Ṣé ẹ ti yọjú sí Màmá nílé mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ibẹ̀ ni mo wà. Wọ́n ń sùn. [afẹ́fẹ́ ń fẹ́] Ọ̀dà funfun tó o ṣe ní láàbù, tó o kùn sórí páànù òrùlé ẹ yìí... bí èèyàn bá kun òmíràn lé e ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ó bàjẹ́ nìyẹn! Ihò tín-tìn-tín ló kún inú ẹ̀, bíi kànrìnkàn. Àwọn ihò yẹn ló ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, tí ọ̀dà náà sì ń tú ooru páànù sójú ọ̀run. Tí wọ́n bá dí— kí lẹ ń bi mí fún?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Níbo lẹ wà gan-an?

Ẹ̀GBỌ́N: Lórí àkàbà.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n!

Ẹ̀GBỌ́N: Ogún ọdún ni mo fi kunlé onílé! Òun ni mo fi rán ẹ níléèwé. Màmá ò yìn mí rí. Ìwọ kun páànù kan péré, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. 'Ilé àbúrò ẹ tutù, àbúrò ẹ lọ́pọlọ'—

ÀBÚRÒ: Ẹ má sọ pé ẹ ti—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo jowú ẹ. Ọ̀dà pupa ni mo ti ń kùn lé e, àtàárọ̀. Mo ní kó kàn gbóná díẹ̀, kí wọ́n lè padà wálé.

ÀBÚRÒ: Fèrèsé ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo tì í, torí òórùn ọ̀dà. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì... Ṣé o gbọ́ mi? Wọn ò dáhùn.

ÀBÚRÒ: Please, ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ gbé wọn síbòji, ẹ da omi sí wọn lára! Mo ń fi fóònù kejì pe áńbúláǹsì.

[àkàbà ń dún; ilẹ̀kùn dún gbàmù]

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá! Yéè, ara wọn ń jó bí iná!

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Omi! Ọrùn, abíyá—

[ariwo omi]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n? Áńbúláǹsì ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n!

Ẹ̀GBỌ́N: [ẹkún] Wọ́n lajú.

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run, o ṣé!

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Orúkọ tìẹ ni wọ́n fi ń pè mí.

ÀBÚRÒ: Ẹ má kà á sí, ooru ló— ẹ ṣáà dá wọn lóhùn, kí wọ́n má sùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti dá wọn lóhùn. Mo ní, 'Èmi rèé, Màmá.' Ṣé o—

[ìlà já]