Wákàtí Mẹ́fà Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ka ìwé yìí sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Dókítà ní ọkàn mi ti wú bí búrẹ́dì inú omi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàárè. Ẹ má rò pé mo ní àlè o. Ta ni yóò gbé ìdí tó tóbi báyìí? Èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìyá wa kú ní Durán níbí, èmi nìkan nínú ilé ni mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Narcisa, àbíkẹ́yìn wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Madrid, ló ní kí n wá bá òun tọ́mọ fún oṣù mẹ́ta. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà! Mo sùn, mo hanrun, ìdí mi há sí ilé ìyàgbẹ́ wọn, obìnrin méjì ló fà mí yọ. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ la gbéra lọ́hùn-ún, wákàtí mọ́kànlá gbáko la lò lókè, síbẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la balẹ̀ sí Guayaquil, ìlú tó kọjú sí wa lódìkejì odò. Wákàtí mẹ́fà ni aago wọn fi ṣáájú tiwa. Ẹ rí i, mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fọ ìdí Ìyá, tí mo ń bu ògì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i lẹ́nu.

"Narcisa, o ti dé?"

"Zoila ni, Màmá."

"Narcisa ńkọ́?"

Ọwọ́ mi ló kú sí, orúkọ Narcisa ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Narcisa pe Olmedo, àbúrò mi ọkùnrin, lórí fóònù. "Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọ̀la ni màá gbéra. Ẹ dúró dè mí o! Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Zoila ìgbà tó ń balẹ̀." Káàdì ìpè rẹ̀ tán, fóònù já.

Ooru ibí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ kejì là ń sin ín, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń ti ibi ìsìnkú. Olmedo ń fi ìka ṣírò. "Mọ́kànlá lé mọ́kànlá... aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ti débẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Mẹ́wàá alẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ wo ẹnu bí ẹnu ẹlẹ́dẹ̀!

Aago mẹ́ta la sin Ìyá. Aago márùn-ún lé díẹ̀, a ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, Narcisa wọlé pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. "Màmá dà?" Ẹ̀wà di òkúta lẹ́nu mi. Ó fa Olmedo léwù ya. "Ẹ ò lè dúró dè mí! Wákàtí méjì péré!"

Olmedo yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi."

Ibí ló burú sí jù. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni mo mọ̀ nípa aago òyìnbó? Ṣebí ìwọ lo mú aago mẹ́ta."

Narcisa tutọ́ sí Olmedo lẹ́sẹ̀. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Olmedo kò sì já mi nírọ́ rí.

Lánàá mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Olmedo. Orúnkún mi ró bí igi gbígbẹ, n kò sì lè dìde mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí Narcisa ti wọlé lọ́jọ́ náà ni mo ti mọ̀," ó ní. Ó fà mí dìde. Kò rẹ́rìn-ín.

Narcisa, àbúrò mi, wọn yóò ka èyí sí ọ létí lórí fóònù. Má tíì dárí jì mí. Olmedo ni kí o kọ́kọ́ pè: ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ. Èmi ti sọ ọ́. Máa bọ̀. Bí o bá ti rí i tán, wá gbá mi létí. Màá ti yọ eyín àtọwọ́dá mi sílẹ̀ dè ọ́.