Orúkọ Tí Tíṣà Ń Pè Nínú Àká

Ta ló tú àṣírí àká iṣu Tíṣà Gbọ́láhàn fún àwọn oníwèé ẹ̀fẹ̀? Ọdún mẹ́rin gbáko ni ìbéèrè yìí ti ń jà ràn-ìn ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀yìn ọ̀kadà tó ń lọ sí Ìdó. Àwọn ará ìlú ti dáhùn rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ti dá ẹnì kan lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, mo sì dákẹ́. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde báyìí, nítorí Tíṣà ti dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé irọ́ mi wọ sàréè.

Babáfẹ́mi ni orúkọ mi. Mo gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní fásitì, mo sì fi ọdún mọ́kànlá ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún Ẹ̀rín Kò Tán, ìwé ìròyìn oṣooṣù tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Ìlànà iṣẹ́ náà kò ju pé kí ayàwòrán wá ohun kan ṣoṣo lára ẹni, ìbáà ṣe imú, ìbáà ṣe ọrùn, kí ó sì sọ ọ́ di ńlá títí gbogbo ara yòókù yóò fi dà bí ìrù rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni pé ojú ìwé ní ìwọ̀n: bí a bá fẹ ohun kan lójú, a ti pa ohun mìíràn rẹ́ kí ó tó ráyè.

Iṣẹ́ náà a máa súni. Ìyáàfin Felicia, olóòtú wa, kò rí imú kan tó tóbi tó rí. "Babáfẹ́mi, imú wo lèyí? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lo yà ni, tí o fi ń ṣàánú ẹ̀?" Mo fẹ imú kan lójú títí ó fi kan etí ìwé, ó ní ṣé ìwé ò ṣeé lẹ̀ pọ̀ ni. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tí n kò yà ni í wá bá mi jà. Onílé mi ka ìwé náà tán, ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Wo ikùn yìí. Wo bó ṣe fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ta tún ni bí kì í bá ṣe èmi?" Mo ní, "Alàgbà, ọ̀bọ ni mo yà." Ó ní, "Mo rí i pé ọ̀bọ ni. Ọ̀bọ náà, ta ni?" Irú wọn pọ̀, mo sì ń búra fún wọn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo yà ní tòótọ́ ni kò bá mi jà.

Ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tíṣà mìíràn ń nà mí nítorí pé mo ń ya ẹranko sínú ìwé ìṣirò, Tíṣà Gbọ́láhàn fún mi ní ẹfun ìkọ̀wé, wọ́n ní kí n yà á sára ògiri kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sídìí oko iṣu. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan mo lọ kí wọn ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, mo sì gbọ́ ohùn wọn láti inú àká. Wọ́n ti fi ẹfun kọ orúkọ àwa ọmọ kíláàsì wọn sára iṣu, orúkọ kan sára iṣu kan, wọ́n sì ń pè é bí ìgbà tí rẹ́jísítà wà lọ́wọ́ wọn. "Ìdùnnú." Wọ́n á yí ohùn padà: "Pírẹ́sẹ́ǹtì, sà." "Ọláṣùmbọ̀." "Ó ti lọ sí Kánádà, sà." Wọ́n yíjú, wọ́n rí mi, ojú tì wọ́n. "Fẹ́mi, láti ìgbà tí ìyá Kíkẹ́ ti kú, n ò rẹ́ni pè nínú ulé yìí mọ́. Ohùn fẹ́ẹ́ kú sí mi lọ́fun. Kíkẹ́ nìkan ló mọ̀, ó sì ti fi mí rẹ́rìn-ín. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé o bá mi níbí." Kíkẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Wọ́n wá fọwọ́ kan iṣu kan ní igun. "Ìwọ rèé. Uṣu yìí, a kì í sè é."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Felicia ń pariwo pé ilé ìtẹ̀wé ń dúró dè mí, n kò sì ní nǹkan kan lórí. Mo mú Tíṣà. Mo fa ọrùn wọn gùn bí ti lékeléke, mo fi pàṣán sí wọn lọ́wọ́, mo sọ wọ́n ní Ọ̀gá Onírẹ́jísítà, ahun tó ń pe orúkọ iṣu láràárọ̀ kí ará ilé rẹ̀ má baà sè é. Mo pa ikú ìyàwó wọn rẹ́. Mo pa ohùn tó ń kú lọ́fun rẹ́. Ojú ìwé kò gbà wọ́n. Felicia rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Eléyìí ò tiẹ̀ nílò imú." Oṣù mẹ́rìnlá ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọrùn náà ni Ẹ̀dá-Oníyọ̀ fi dá wọn mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan Tíṣà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ka ẹ̀kọ́ kejì, kí wọ́n tó la ẹnu, ẹnì kan láàárín akọrin sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Pírẹ́sẹ́ǹtì, sà." Ẹ̀rín gba ilé Ọlọ́run kan. Tíṣà pa Bíbélì dé, wọ́n lọ jókòó, wọn kò sì ka ẹ̀kọ́ kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n délé, wọ́n fi omi fọ gbogbo orúkọ kúrò lára iṣu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó burú jù. Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. "Fẹ́mi, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló yà á. Uṣẹ́ ẹni ni. Ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ lo máa yà. Ẹni tó lọ sọ fún wọn ni mo ń wá. Ìwọ kọ́, ọmọ tí mo fún ní ẹfun ò lè ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣé Kíkẹ́ ni?" Rárá ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọ ọdún méjì lè pè. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí. Ọmọ yín ni." Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bá ara mi jiyàn pé n kò purọ́: ẹ̀bẹ̀ ni gbólóhùn kìíní, òtítọ́ ni ìkejì. Èmi ọ̀mọ̀wé. Òtítọ́ tí a fi bo irọ́ lórí burú ju irọ́ lásán lọ, nítorí kò síbi tí a ó ti dì í mú. Tíṣà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn. Kíkẹ́ á wọkọ̀ láti Ìkọ̀lé, á gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ mi: "Bùọ̀dá Fẹ́mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí n má rí ire bí mo bá bá oníwèé kankan sọ̀rọ̀ rí." Mo ní kó ní sùúrù. Èmi ni mo ń sọ fún un pé kó ní sùúrù.

Ní oṣù tó kọjá, Felicia ní kí n dá Ọ̀gá Onírẹ́jísítà padà, pé àwọn òǹkàwé ń béèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà ni mo gbọ́ pé ọkàn Tíṣà ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, pé wọ́n wà ní ọsibítù ní Ìdó. Mo fi pẹ́ńsù mi sílẹ̀ lórí tábìlì Felicia. Ó ní, "Ta ló tún bí ọ nínú?" Ọ̀rọ̀ ara mi ló sú mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, n kò ní kí ẹ má fini rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn máa bi ara yín ohun tí ẹ pa rẹ́. Kíkẹ́, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú mo mú Kíkẹ́ lọ sí Ìdó, n kò sì sọ nǹkan kan fún un lọ́nà. Tíṣà rí i lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n kọjú sí ògiri. "Kó tó wọlé, kó dáhùn. Ta ló gbé ọ̀rọ̀ uṣu mi jáde?" Kíkẹ́ ti dáhùn ìbéèrè yẹn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ dáwọ́ dúró. Tíṣà tún béèrè, ohùn wọn sì le bí ti ẹni tó di rẹ́jísítà mú: "Mo ní ta ni?" Mo na ọwọ́ sókè, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin. "Babáfẹ́mi ni, sà."